Báàgì ẹ̀yìn fún kẹ̀kẹ́ orí òkè: ká ra èyí tó ní asà, àbí ká ra báàgì lásán?

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀
Okun o, ẹ̀yin ará. Báàgì ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rà, tí mo máa fi gun kẹ̀kẹ́ lọ́nà oko láti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ dé Ìyàrà, àti lórí àpáta níhà Ògìdì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó lè jẹ́ Òkè Pàtí ní Lọ́kọ́ja. Oríṣi méjì ni mo ń rí: èyí tó ní asà tó bo egungun ẹ̀yìn, àti báàgì lásán. Èyí tó ní asà wọ́n, ó wúwo, wọ́n sì ní ó ń mú ooru. Ṣé ó tó owó tí wọ́n ń pè é? Báàgì lítà mélòó ni kí n wá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Olókè Ògìdì
Àbúrò, okun o. Kó o tó ro báàgì, kọ́kọ́ ro ohun tó o máa ṣubú lé.

Ní ọ̀nà oko tiwa, kùkùté ló léwu jù. Tí àgbẹ̀ bá ń ṣán oko, àdá máa ń gé igi wẹ́wẹ́ láìdọ́gba, ẹnu rẹ̀ á wá ṣóṣóró bí ọ̀kọ̀. Koríko á bò ó mọ́lẹ̀, kò ní ga ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lé e lórí, ó máa gún un. Èkejì ni yangí tó ń yí lábẹ́ taya ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó máa ń bó èèyàn lára ju kó fọ́ egungun lọ. Ẹ̀kẹta ni àpáta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, taya ń dì í mú dáadáa; tí òjò bá ti rọ̀ tí ewédò sì ti hù sí i, ó yọ̀ ju ilá lọ. Ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń fi gbogbo ẹ̀yìn ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún kùkùté àti àpáta, asà wúlò gan-an. Kì í jẹ́ kí ohun ṣóṣóró wọlé, ó sì ń tan ìgbá náà (agbára ohun tó gbá ẹ̀yìn) ká ibi tó fẹ̀ dípò kó dá lé eegun kan. Nǹkan kan tún wà táwọn èèyàn kì í rò: asà ló wà láàárín ẹ̀yìn rẹ àti ẹrù tó o gbé. Pọ́ǹpù onírin tó dúró ṣánṣán nínú báàgì lásán, tó o bá ṣubú lé e, òun gan-an ló máa gún ọ.

Títì ọlọ́dà láti Kàbà sí Ìyàrà ò nílò asà. Ti Òkè Pàtí náà, ọ̀nà ọkọ̀ wà dé orí rẹ̀, báàgì lásán tó tẹ́ ẹ bá dúró sórí ọ̀nà yẹn.

Nọ́ọ̀sì Ìjùmú
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ohun tí asà ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò lè ṣe, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣì í lóye.

Tí kẹ̀kẹ́ bá gbé èèyàn sọ níwájú, orí tàbí èjìká ló sábà máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ara tó ń bọ̀ lẹ́yìn á wá tẹ egungun ẹ̀yìn láti òkè wálẹ̀, tàbí kó ká a pọ̀, tàbí kó lọ́ ọ. Asà kankan nínú báàgì ò lè dá ìyẹn dúró. Ohun tó bá gbá ẹ̀yìn gan-an tàbí tó fẹ́ gún un ni asà ń gbà. Kò bo ọrùn, kò bo egungun àyà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì bo egungun ọrùn-èjìká, tó jẹ́ ọ̀kan lára eegun tó máa ń tètè kán tí oníkẹ̀kẹ́ bá ṣubú.

Nítorí náà, tí owó ò bá tó méjì, akoto ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, akoto tó bá orí mu. Ìbọ̀wọ́ tẹ̀ lé e. Asà ló ṣìkẹta. Ẹ má sì torí pé asà wà lẹ́yìn yín kẹ́ ẹ wá máa sáré sọ̀kalẹ̀ níbi tí ẹ ò ní sáré tẹ́lẹ̀.

Alátùnṣe Kàbà
Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà ta fóòmù lásán fún yín ní owó asà. Gbogbo báàgì ló ní fóòmù lẹ́yìn kí ẹrù má baà ha èèyàn lára. Ìyẹn kọ́ là ń wí.

Asà tó jẹ́ asà ní àmì lára, ara asà fúnra rẹ̀ sì ni àmì náà wà, kì í ṣe ara báàgì. Ẹ ṣí síìpù tàbí ìlẹ̀mọ́ tó wà níbi ẹ̀yìn báàgì, ẹ fa asà náà yọ, kẹ́ ẹ yí i wò. Ẹ máa rí àwòrán kékeré ẹni tó gun alùpùpù, pẹ̀lú EN 1621-2:2014. Ìlànà àwọn ará Yúróòpù fún asà ẹ̀yìn alálùpùpù ni, àwọn tó ń ṣe báàgì kẹ̀kẹ́ ló yá a lò. Lẹ́tà méjì náà máa wà níbẹ̀. FB ni asà tó bo gbogbo ẹ̀yìn títí dé eegun palaba èjìká. CB bo àárín ẹ̀yìn. LB bo ìsàlẹ̀ nìkan, nítòsí ìbàdí. Tí LB nìkan bá wà lórí rẹ̀, àárín ẹ̀yìn yín wà ní ìhòòhò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé bákan náà ni.

Nọ́ńbà 1 tàbí 2 ló kù. Tí wọ́n bá ń dán asà wò, wọ́n á gbé e lé orí irin, wọ́n á ju irin kílò 5 sí i láti nǹkan bíi mítà 1 sókè (50 J, ìyẹn joule 50, ni wọ́n ń pe agbára ìgbá yẹn), wọ́n á wá fi kN (kilonewton, ìwọ̀n bí nǹkan ṣe tẹni tó) wọn èyí tó là á kọjá sí òdì kejì. Ní ipele 1, ìpíndọ́gba ohun tó là á kọjá kò gbọdọ̀ ju 18 kN lọ, kò sì sí ìgbá kan ṣoṣo tó gbọdọ̀ ju 24 kN. Ní ipele 2, 9 kN ni ìpíndọ́gba, 12 kN sì ni òpin ìgbá kan. Àwa tí a mọ Ọbájánà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì, ẹ jẹ́ ká fi sìmẹ́ńtì wọ̀n ọ́n: 18 kN fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì 36 tó tẹ ẹ̀yìn fún àkókò tó kéré ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. 9 kN jẹ́ àpò 18. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ 1 àti 2 kì í ṣe kékeré. Tí ẹ bá rí 2 tó bá ara yín mu, òun ni kẹ́ ẹ mú. Tí kò bá bá ara mu, ẹ mú 1 tó bá a mu.

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Báàgì kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta òkìríkà lọ́jà. EN 1621-1 ló wà lára fóòmù rẹ̀, owó rẹ̀ ò sì wọ́n rárá. Ṣé ó tó?

Alátùnṣe Kàbà
Rárá o. 1621-1 jẹ́ ti orúnkún, ìgúnpá, èjìká àti ìbàdí. Ó ní láti jẹ́ 1621-2 kó tó jẹ́ ti ẹ̀yìn. Nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí èèyàn yàn jẹ.

Ní ti òkìríkà lápapọ̀: báàgì òkìríkà lè dára, asà òkìríkà ló ń bani lẹ́rù. Oríṣi fóòmù méjì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe asà. Irú kan jẹ́ fóòmù funfun gbagidi, ẹbí èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí. Ó dáa fún ìgbá kan. Tó bá ti gba ìgbá ńlá, inú rẹ̀ ti fọ́, kódà tí ara rẹ̀ ṣì dán. Tó bá jẹ́ òkìríkà, ta ló mọ iye ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ ti ṣubú?

Irú kejì rọ̀ lọ́wọ́, ó sì wúwo díẹ̀. Ẹ ti rí ògì tó sun sísàlẹ̀ ìkòkò lẹ́yìn tí ẹ da omi orí rẹ̀ nù? Tí ẹ bá rọra ti ìka bọ̀ ọ́, ó máa gbà yín wọlé. Tí ẹ bá gbá a lójijì, ó máa le bí pátákó. Bí fóòmù yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó yẹ kó wọlé, kó sì rọra padà sípò nígbà tí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ wá fi oríkèé ìka kàn án kíá: ó yẹ kó le. Tí ó bá ti gbẹ, tó ń ya bí búrẹ́dì àná, tàbí tí ojú ìka yín dúró síbẹ̀ tí kò kún padà, ó ti kú. Irú fóòmù yìí lè gba ìgbá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, òun ni mo fara mọ́ fún ọ̀nà wa.

Evoc, Deuter àti CamelBak wà lára àwọn tó ti ṣe báàgì kẹ̀kẹ́ alásà. Ayédèrú ò jìnnà sí orúkọ tó bá gbajúmọ̀, àmì ara asà ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe orúkọ ara báàgì.

Aránbàágì Ìyàrà
Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ asà tipẹ́, kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ bẹ́líìtì. Asà tí kò dúró sójú kan, ẹrù lásán ni. Tí báàgì bá ń fò lẹ́yìn yín nínú gegele, lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣubú, ó ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó kanlẹ̀.

Ẹ wọn ẹ̀yìn yín kí ẹ tó rà. Ẹ tẹ orí ba síwájú, kí ẹnì kan fi ọwọ́ wá eegun tó yọ gọngọ níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ kan okùn ìwọ̀n. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, kí àtàǹpàkò wà lẹ́yìn. Ibi tí àtàǹpàkò méjèèjì ti fẹ́ pàdé ni ẹ̀gbẹ́ kejì. Sẹ̀ǹtímítà tó wà láàárín wọn ni gígùn ẹ̀yìn yín, òun ni kẹ́ ẹ fi bá tábìlì ìwọ̀n tí ẹni tó ṣe báàgì náà tẹ̀ wé. Ẹ má fi gíga yín rà á: ẹni gíga lè ní ẹsẹ̀ gígùn àti ẹ̀yìn kúkúrú.

Tí báàgì bá ti délé, ẹ rọ omi lítà 2 sínú rọ́bà omi rẹ̀ (àpò rọ́bà inú báàgì, tó ní họ́ọ̀sì tí a fi ń mu omi), ẹ tú gbogbo okùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ èjìká. Bẹ́líìtì ìbàdí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì, orí eegun ìbàdí ni, kì í ṣe orí ikùn. Ẹ fà á le. Lẹ́yìn náà ni okùn èjìká, títí tí asà á fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Okùn àyà ló kẹ́yìn; ẹ fà á níwọ̀n tí ẹ ṣì lè mí kanlẹ̀. Ní báyìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè lórí kẹ̀kẹ́, kí akoto wà lórí. Ẹ gbójú sókè wo iwájú. Tí etí òkè báàgì bá ta akoto yín débi pé ẹ ò lè ríran jìnnà, báàgì yẹn gùn jù fún yín, ẹ dá a padà. Ẹ wá fò sókè ní ìgbà mẹ́ta. Kí ẹnì kan di báàgì mú, kó gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì: tó bá rìn ju ìbú ìka méjì lọ, bẹ́líìtì rẹ̀ ò tó.

Bẹ́líìtì tó jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ò lè di asà mú. Èyí tó ní ìyẹ́ fífẹ̀, tó ní fóòmù, tó sì yípo dé iwájú eegun ìbàdí ni kẹ́ ẹ wá.

Ohun tó tètè ń bàjẹ́ ni ìkọ́ oníke. Oòrùn máa ń mú un gbẹ, á wá ṣẹ́ níbi ahọ́n rẹ̀. Ẹ wọn ìbú okùn yín kí ẹ tó lọ wá òmíràn lọ́dọ̀ aránbàtà. 25 mm àti 38 mm ló wọ́pọ̀, 20 mm sì ni okùn àyà sábà máa ń jẹ́. Tí okùn bá ń yọ́ tú fúnra rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi òwú náílọ̀n rán an ní onígun mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì fa ìlà méjì tó kọjá ara wọn sáàárín rẹ̀. Òwú kọ́tìnnì á jẹrà nínú òógùn kí òjò ọdún kan tó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu asà níhò láti fi rán an mọ́ báàgì, ẹ má sì gé etí rẹ̀ kó lè wọ báàgì kékeré. Ibi tí ẹ bá gé ni yóò ti ya.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀
Èmi ò fara mọ́ báàgì alásà rárá fún ilẹ̀ gbígbóná bíi tiwa. Ẹ ra aṣọ alásà tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ ẹ̀wù, kẹ́ ẹ wá gbé àpò ìbàdí kékeré fún omi àti sípánà. Aṣọ lẹ̀ mọ́ ara, kì í yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ kò gbé báàgì, asà ṣì wà lára yín. Àwọn tó fi báàgì ṣe asà, tí wọ́n bá fẹ́ lọ sí ibi tí kò jìn, wọ́n á fi báàgì sílé, asà náà á sì bá a jókòó sílé.

Olókè Ògìdì
Òótọ́ lo sọ nípa bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara, Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, mi ò lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n wo ọ̀sán oṣù kẹta. Báàgì ṣeé bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ̀yìn gbatẹ́gùn. Aṣọ abẹ́ ẹ̀wù ò rọrùn láti bọ́. Àpò ìbàdí sì máa ń wálẹ̀ tí omi rẹ̀ bá ti ju lítà 1 àti ààbọ̀ lọ. Níbi tí kò sí ìsọ̀ kankan láàárín abúlé kan sí èkejì, ìyẹn ò tó. Ẹni tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ àpáta fún wákàtí kan, kó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn rẹ. Ẹni tó máa jáde láàárọ̀ tí á padà lọ́sàn-án, báàgì ni.

Ìyá Yàgbà
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ omi ni tèmi.

Ẹ ka ìdajì lítà sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ fi kún un nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Píọ́ wọ́tà 50 cl mẹ́rin ló kún rọ́bà omi lítà 2. Lítà 1 jẹ́ kílò 1, nítorí náà báàgì alásà kan, tó lè tó kílò kan lé díẹ̀ lófìfo, pẹ̀lú omi lítà 2 àti irinṣẹ́, ti kọjá kílò 3 kí ẹ tó gbéra. Ìdí rèé tí báàgì lítà 10 sí 16 fi tó. Tí ẹ bá ra lítà 25, ẹ máa kún un, ẹ̀yin lẹ ó sì gbé e gun òkè.

Ẹ fọ ẹnu ọ̀rá píọ́ wọ́tà kí ẹ tó já a. Ẹ má da ohun dídùn sínú rọ́bà náà. Ṣúgà ló ń mú kí họ́ọ̀sì hu èéhù dúdú. Tí ẹ bá mu omi tán, ẹ fẹ́ èémí sí họ́ọ̀sì kí omi inú rẹ̀ padà sínú rọ́bà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi gbígbóná lẹ máa kọ́kọ́ mu nígbà míì. Tí ẹ bá délé, ẹ fi ìyẹ̀fun bákín sódà ṣíbí ìmùkọ méjì sí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lítà 1, kó wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kó gba họ́ọ̀sì kọjá, ẹ ṣan án, kẹ́ ẹ so ó kọ́ ní yíyà sílẹ̀. Ẹ lè ti ìpọnkọ onígi tó mọ́ bọ ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì má lẹ̀ pọ̀.

Olókè Ògìdì
Màmá, ẹ ṣeun. Ẹrù náà ní ìlànà tirẹ̀. Omi ló wúwo jù, kó sún mọ́ ẹ̀yìn. Sípánà, lífà taya àti ìkọ́ ṣéènì, ẹ fi aṣọ di wọ́n, kí wọ́n wà nísàlẹ̀. Pọ́ǹpù, ẹ fi í dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dè é mọ́ kẹ̀kẹ́. Kó má ṣe dúró ṣánṣán lójú egungun ẹ̀yìn, kódà tí asà bá wà. Tíúbù méjì ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe ọ̀kan, torí ẹ̀gún oko, àti àlẹ̀mọ́ tí a fi ń lẹ tíúbù tó lu, ó kéré tán mẹ́fà. Fóònù nínú ọ̀rá, ní àpò òkè.

Nọ́ọ̀sì Ìjùmú
Mo padà wá torí ohun kan tí asà lè mú kí èèyàn ṣe ní àṣìṣe. Tí ẹnì kejì yín bá ṣubú, ẹ má fi ọwọ́ ìgbébáàgì fà á dìde. Tó bá ní ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, tàbí ọwọ́ rẹ̀ ń jó, kó dùbúlẹ̀ bó ṣe wà. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ síbi orí, kó fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú kó má yí. Ẹ pe 112. Tí báàgì bá ní láti kúrò, ẹ gé okùn èjìká rẹ̀, ẹ má gbé apá rẹ̀ sókè láti yọ ọ́. Báàgì ṣeé rà padà. Tí kò bá sí ọkọ̀ tó lè dé ibẹ̀, ẹ wá pátákó tàbí ilẹ̀kùn, kí èèyàn mẹ́rin ó kéré tán yí i lẹ́ẹ̀kan náà bí ìtí igi, kí orí, ẹ̀yìn àti ìbàdí wà lórí ìlà kan. Ẹ má ṣe gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti pinnu: alásà, EN 1621-2, lítà 12 sí 16, bẹ́líìtì tó ní ìyẹ́ fífẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù. Ooru Lọ́kọ́ja ńkọ́, ṣé kì í pa fóòmù tó rọ̀ yẹn?

Alátùnṣe Kàbà
Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ooru máa ń mú fóòmù yẹn rọ̀ sí i, tó bá sì rọ̀ jù, ó máa jẹ́ kí ìgbá kọjá. Ẹ tún padà síbi àmì ara asà: tí ẹ bá rí T+ níbẹ̀, wọ́n ti dán an wò ní 40°C, ó sì yege. T- ni ti òtútù, ní -10°C. Ìyẹn ò kàn wá. Ẹni tó máa gùn ún láti oṣù kejì sí ìkẹrin, T+ ni kó wá.

Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, ẹ má sì sá a lórí páànù lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́. Ẹ yọ asà kí ẹ tó fọ báàgì. Kànìnkànìn àti omi ọṣẹ ló tó o, abẹ́ òjìji ni kó ti gbẹ. Lẹ́yìn ìṣubú èyíkéyìí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló kanlẹ̀, ẹ fà á yọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ wá ibi tó ya tàbí tó wọnú.